Ṣé èèyàn ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé? Ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ìlọrin àti gúúsù Kwara

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí ní Ìlọrin, ọmọ Ìgbómìnà sì ni mí. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú, àwọn òbí tí ọmọ wọn wọ yunifásítì, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, àti àwọn tó ti pẹ́ tí wọ́n ti wọ ilé Ọlọ́run kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mìíràn fi gùn ju òmíràn lọ.

Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láyé ìsinsìnyí. Ṣé òótọ́ ni?

Ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ ló máa sọ bóyá òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, òótọ́ ni. Àjọ Gallup ti pẹ́ lẹ́nu bíbi àwọn ará ibẹ̀ bóyá wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ níbì kan, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, sínágọ́gù tàbí mọ́ṣáláṣí. Ní 1999, èèyàn 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó di 2020, ó ti já sí 47. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìjọ Áńgílíkà ti ṣẹ̀ wá, iye àwọn tí wọ́n kà pé ó ń wá sí ìsìn ìjọ náà lọ́sẹ̀ kan kò tó mílíọ̀nù kan mọ́ láti ìkà ọdún 2014. Torí náà, tí ọmọ yín bá ń gbé lọ́hùn-ún tó sì ń sọ pé àwọn àgbàlagbà nìkan lòun ń bá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbà á gbọ́.

Tiwa yàtọ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí CARA, tó ń ṣèwádìí nípa ìjọ Kátólíìkì ní Yunifásítì Georgetown ní Amẹ́ríkà, gbé àwọn Kátólíìkì orílẹ̀-èdè 36 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nàìjíríà ló ṣíwájú: 94 nínú ọgọ́rùn-ún sọ pé àwọn ń lọ sí Máàsì lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Kenya tó tẹ̀lé wa ní 73. Lóòótọ́, ohun tí kálukú fẹnu ara rẹ̀ sọ ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹnu sì máa ń yá ju ẹsẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tiẹ̀ dín in kù, ẹni tó bá dúró ní Táńkẹ̀ tàbí Gáà-Àkàńbí ní Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yóò rí i fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ò ní gbèrò tó, ìyá á jókòó síwájú pẹ̀lú gèlè, ọmọ mẹ́ta á fún ara wọn sẹ́yìn, èyí tó kéré jù á gbé Bíbélì dání.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣófo ní Kwara, kò dé Kwara. Ohun tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀ síyẹn. Ilé lè kún fọ́fọ́, kí èèyàn kan má wá fún oṣù mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ibẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà, mo sì máa padà síbẹ̀.

Ṣebí ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin? Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ pọ̀ níbẹ̀?

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Ìlọrin, Ẹ́míà ló sì wà lórí oyè. Nígbà tí Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, wá sí Ìlọrin ní 1855, wọ́n gbà á lálejò, àmọ́ wọn ò fún un láyè láti kọ́ ilé ìjọsìn. Ó padà lọ fìdí iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe di ojúkò àwọn Onítẹ̀bọmi títí dòní nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ wá gba ẹ̀bá wọlé. Ní Pátígi, tó wà ní Kwara lónìí, làwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) ti dá ibùdó wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1902, lẹ́yìn tí méjì nínú àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ wá ní 1893 ti kú sẹ́nu ìrìn àjò. Inú iṣẹ́ wọn ni ìjọ ECWA ti jáde ní 1954. Ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìgbájà ní 1941 ti di sẹ́mínárì báyìí, ó sì ṣòro kí ẹ rí ìlú Ìgbómìnà tí ẹ ò ti ní bá ẹnì kan tó ti ibẹ̀ jáde. Àwọn Kátólíìkì ní Ìlọrin gba dáyọ́sísì tiwọn ní 1969, àwọn Áńgílíkà gba ti Kwara ní 1974.

Lónìí, ẹ ó bá ṣọ́ọ̀ṣì ní Sábó-Òkè, Táíwò, Táńkẹ̀, Fátẹ̀, Gáà-Àkàńbí àti àwọn àdúgbò tuntun tó yí ìlú ká. Tí ẹ bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Òmù-Àrán, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa rí pátákó mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

Ohun tí àlejò kì í tètè mọ̀ ni pé inú ẹbí kan náà lẹ̀sìn méjèèjì wà. Bùrọ̀dá lè máa jẹ́ Àlàájì kí àbúrò rẹ̀ máa jẹ́ díákónì. Ọjọ́ Iléyá, gbogbo wa la jọ ń jẹran. Ọjọ́ Kérésì, àwọn ẹbí Mùsùlùmí ló máa ń kọ́kọ́ dé láti wá kí wa. Èyí ní ipa tirẹ̀ lórí lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jí lọ sí ìsìn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú fẹ́ lọ ni, torí kò sẹ́ni tó ń fipá mú un, àwọn ará ilé yòókù á sì máa wo bó ṣe ń ṣe é. Mo mọ ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí. Ọkọ yẹn gan-an ló máa ń kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé, “Ìyá Bọ́lá, àkókò ti lọ o.”

Àwọn wo ló ń lọ jù?

Obìnrin. Kò sí ìjọ tí mo tíì wọ̀ ní Kwara tí ọkùnrin ti pọ̀ ju obìnrin lọ, yálà lọ́jọ́ Àìkú tàbí láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ lọ síbi ìpàdé àdúrà ọjọ́rú kan. Tí ẹ bá yọ pásítọ̀ àti ẹni tó ń lu dùùrù kúrò, ọwọ́ kan lẹ lè fi ka ọkùnrin tó kù. Àwọn ìyá ló ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń se oúnjẹ ọjọ́ ìkórè, tí wọ́n ń bẹ aláìsàn wò. Mo rò pé ó yẹ ká máa sọ ọ́ síta ju bí a ti ń ṣe lọ, nítorí orúkọ àwọn ọkùnrin nìkan ló pọ̀ lára ògiri.

Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni èèyàn gbọ́dọ̀ lọ kí wọ́n tó sọ pé ó ń lọ déédéé?

Ó yàtọ̀ láti ìjọ sí ìjọ. Fún Kátólíìkì, òfin ìjọ sọ ọ́ gbangba: gbogbo ọjọ́ Àìkú àti àwọn ọjọ́ mímọ́ tí wọ́n yàn ni dandan, àfi tí àìsàn tàbí ìdí pàtàkì kan bá dí èèyàn lọ́wọ́. Àwọn Adventist, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni tiwọn, ẹ má ṣe lọ kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú. Ní Deeper Life, ẹni tó bá ń wá lọ́jọ́ Àìkú nìkan tí kì í wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ajé, ojú aláìpé ni wọ́n máa fi wò ó, torí inú ẹ̀kọ́ Bíbélì tí William Kumuyi bẹ̀rẹ̀ ní 1973 ni ìjọ náà ti hù jáde. Ní CAC àti Kérúbù àti Séráfù, àwẹ̀, àìsùn àti ìpàdé àdúrà ló máa ń fi ọmọ ìjọ hàn.

Àmọ́ láàárín wa lásán, a mọ ọmọ ìjọ tó jẹ́ ti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ọjọ́ ìdúpẹ́ nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ìjọ. Ijó ń bẹ, orin ń bẹ, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ wá wo ọjọ́ Àìkú kẹta. Àga á ti ní àlàfo. Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ iye ọmọ ìjọ gan-an, ẹ wá ní Ọjọ́rú tí òjò ń rọ̀.

Mi ò sọ èyí láti fi dójú ti ẹnikẹ́ni. Oníṣòwò tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, awakọ̀ tí ọjọ́ Àìkú ni owó wọlé fún un jù, àwọn wọ̀nyí ò lè wá bí olùkọ́ tó ní ìsinmi ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi gbà pé ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tí wọ́n sì mọ̀ nígbà tí kò wá, wà ní ìjọ ju ẹni tó ń wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ló dé tí ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa ní Ìgbómìnà fi ń ṣófo, nígbà tí ti Ìlọrin ń kún?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dùn mí jù, torí mo mọ ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ ti rí irú wọn. Òkúta ni wọ́n fi mọ ògiri, orúkọ àwọn tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, páànù rẹ̀ ti pupa, àga onígi tó lè gba igba èèyàn wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú lásán, àwọn tó wà níbẹ̀ ò ní ju ogún tàbí ọgbọ̀n lọ. Àwọn ìyá àgbà jókòó sọ́wọ́ òsì, sí àyè tí àwọn ìyá wọn ti jókòó rí. Àwọn bàbá mélòó kan wà lápá ọ̀tún. Ọmọdé díẹ̀ tí àwọn òbí wọn fi sọ́dọ̀ ìyá àgbà ló ń kọrin níwájú. Ẹni tó ń ka Bíbélì ti ń wọ awò tó nípọn. Nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn tí ọjọ́ ìbí wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà, ó lè má sí ẹnì kankan tí kò tíì pé ọgọ́ta.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ wọn sọ ìgbàgbọ́ nù. Wọ́n kó lọ ni. Wọ́n wà ní Ìlọrin, Èkó, Àbújá, Kánádà. Ṣọ́ọ̀ṣì ibi tí wọ́n wà ni wọ́n ń kún. Ìdí tí ti Fátẹ̀ fi ń gbòòrò tí wọ́n fi ń fi páànù kún ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìdí kan náà tí tilé fi ń dín kù. Oko ò pé mọ́, iléeṣẹ́ ò sí, ọmọ tó bá ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán, ìgboro ló kọrí sí.

Ẹ wá padà wá ní àkókò Àjíǹde, Kérésì tàbí ọjọ́ ìkórè, ẹ ò ní rí ibi gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n á dé láti Èkó lóru Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ti rán aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ṣe ìlérí owó òrùlé. Tó bá di ọjọ́ Ajé, gbogbo ọ̀nà á ti dá. Mo mọrírì owó òrùlé náà, torí òun ni kò jẹ́ kí òjò wó ilé ọ̀hún. Síbẹ̀, òrùlé ò lè bá ìyá àgbà dé ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìtàn ibẹ̀ ló mú kó tún dùn mí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí ìsọjí rẹ̀ ní Ilẹ́ṣà ní 1930 mi gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ Odò-Owá ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní Kwara níhìn-ín. Wọ́n bí i ní 1904. Awakọ̀ róólà tó ń tẹ títì ni nígbà tí ìpè náà dé bá a ní 1928, lójú ọ̀nà Ilẹ́ṣà sí Àkúrẹ́. Láti irú ìlú kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó dá ìjọ ńlá sílẹ̀ ti wá. David Oyèdépò, tó dá Winners sílẹ̀, Òmù-Àrán ni ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjọ náà dá Yunifásítì Landmark sílẹ̀ sí ní 2011. Èèyàn ti ibẹ̀ jáde lọ tún ayé ṣe. Ẹni tó máa dúró ti ibẹ̀ ló kù.

Tí ẹ bá béèrè ohun tí ẹ lè ṣe lọ́wọ́ mi: ẹ má ṣe wá lọ́dún ìkórè nìkan. Ẹ yan ọjọ́ Àìkú lásán kan láàárín ọdún, tí kò sí aṣọ ẹgbẹ́, tí kò sí fọ́tò, kí ẹ wá jókòó tì wọ́n. Àwọn ìyá náà á rántí rẹ̀ fún ọdún pípẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ńkọ́? Ṣé wọn ò ti sá lọ?

Ẹ lọ sí ọgbà Yunifásítì Ìlọrin tàbí Kwara Poly ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ wọn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Áńgílíkà wà, ti Onítẹ̀bọmi wà, ti Kátólíìkì wà, NIFES, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni tó kó onírúurú ìjọ pọ̀, wà, àti àwọn mìíràn tó ń pàdé nínú kíláàsì àti lábẹ́ igi. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló ń darí àdúrà, tó ń ṣètò ọkọ̀, tó ń kó oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí ò rówó jẹun. Mo ti rí ọmọ tí kì í dìde kọrin ní ìjọ wa tó di ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin láàárín ọdún méjì. Ní Landmark, dandan ni ìsìn fún akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ní Ìlọrin kò sẹ́ni tó ń ka orúkọ wọn, wọ́n sì ń wá.

Ìṣòro wà níbi méjì. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá jáde. Àgùnbánirọ̀ tó ti parí, tí iṣẹ́ ò sí, tó padà sílé bàbá rẹ̀, ojú máa ń tì í. Ní ọgbà, olórí ẹgbẹ́ ni. Ní ìjọ ilé, wọ́n á ní kó lọ máa to àga. Tí wọ́n bá bi í léèrè ní gbangba nígbà kẹta pé, “Iṣẹ́ ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́?” kò ní wá ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Àwa àgbà ló ń lé wọn, a ò sì mọ̀.

Èkejì ni èdè. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ ní Ìlọrin báyìí, ìsìn Gẹ̀ẹ́sì wà láàárọ̀ kùtù, ti Yorùbá tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ tún ní gbọ̀ngàn tiwọn. Bàbá, ìyá àti ọmọ lè ti ilé kan náà jáde kí wọ́n má gbọ́ ìwàásù kan náà láti ọdún dé ọdún. Ọmọ tí a bí sí Ìlọrin ò lè ka Ìwé Orin mọ́. Tí a bá pe orin, á kàn máa la ẹnu bá wa lọ ni. Mo fẹ́ kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ Àìkú kan sọ́tọ̀ lóṣù tí gbogbo ilé á jọ jókòó papọ̀. Ìjọ mélòó kan ń ṣe é, ó sì ń so èso.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí máa ń pè ní ìsọnù tí kì í ṣe ìsọnù. Ọmọ tí ẹ tọ́ ní Áńgílíkà tó wá ń lọ sí ìjọ Ìràpadà ní Táńkẹ̀ ò kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ó kúrò nílé yín ni. Ẹ má bá a jà sí i. Ẹ béèrè orúkọ pásítọ̀ rẹ̀, ẹ lọ kí i.

Ṣé owó ọkọ̀ ò ti dá àwọn èèyàn dúró sílé?

Ó dá wọn dúró gan-an. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ọ̀rọ̀ yí padà. Epo tí a ń rà ní nǹkan bíi 185 náírà lítà kan ti kọjá 1,000 náírà kí 2024 tó parí. Ẹbí ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń wọ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lálọ àti àbọ̀, kó tó di pé wọ́n mú ọrẹ, wọ́n ti náwó oúnjẹ ọjọ́ méjì.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ fara gbá a. Lẹ́yìn náà, àwọn kan fi ìjọ tí wọ́n ti wà láti ogún ọdún sílẹ̀, wọ́n lọ sí èyí tó wà lẹ́bàá ilé. Ìjọ tó gbọ́n gbé ìpàdé àdúrà sí ilé àwọn ọmọ ìjọ ní àdúgbò, wọ́n ní kí ẹni tó lọ́kọ̀ máa gbé aládùúgbò rẹ̀. Ìjọ tí kò gbọ́n ń wàásù fún àwọn tó wá nípa àwọn tí kò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tọkàntọkàn: tí ẹ ò bá lówó ọrẹ, ẹ wá lọ́wọ́ òfìfo. Tí ẹnì kan bá sì tì yín jáde torí ẹ, ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ yín.

Ṣé wíwo ìsìn lórí fóònù kò tó?

Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti gbogbo ilé ìjọsìn pa, òun nìkan la ní, a sì dúpẹ́. Fún aláìsàn àti ẹni tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ó ṣì dára. Fún ẹni tí ara rẹ̀ le tí ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ìkángun àdúgbò rẹ̀, kò tó. Fóònù ò lè gbé àwo ìrẹsì wá fún yín lọ́jọ́ tí ara yín ò bá yá.

Ẹ̀rù ààbò ńkọ́? Ṣé ó bójú mu láti máa lọ sí àìsùn?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Eruku, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi í hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kámẹ́rà ò kú títí ìbọn fi ń dún. Ọ̀pọ̀ wa wo fídíò náà, a ò sì lè gbàgbé ojú ìyá tó rá kòrò bọ́ sábẹ́ àga. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ sínú igbó. Ní ọjọ́ 23 ni ìjọba kéde pé àwọn 38 tí wọ́n kó ti di òmìnira.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ pé kí a má bẹ̀rù, mi ò bá a wí, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ní àgbègbè wa, a ti gbé àìsùn wá sí ọ̀sán, ìsìn ìrọ̀lẹ́ ń parí kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ọdẹ àti fijilanté sì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó yẹ kí ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ ìjọ yín: ọ̀nà mélòó ló jáde nínú ilé náà? Ta ló ń ṣọ́ ìta? Ṣé nọ́ńbà ọlọ́pàá wà lọ́wọ́ ẹnì kan? Ìgbàgbọ́ ò kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nípa lílọ síbi ìsìn òru nínú ìlú tó wà létí igbó, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ohun tí mo rí tó wú mi lórí ni pé ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, nígbà tí a kò tíì gbọ́ pé àwọn tí wọ́n kó ti di òmìnira, àwọn èèyàn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dín kù, ojú wọn ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọ́n lọ.

Òótọ́ ni pé tí èèyàn ò bá lọ déédéé, ìjọ ò ní sin òkú rẹ̀ tàbí so ọmọ rẹ̀ pọ̀?

Ní ọ̀pọ̀ ìjọ àtijọ́, káàdì wà tí wọ́n fi ń kọ owó ìjọ àti owó kíláàsì. Tí bàbá kan bá kú tí ọdún mẹ́jọ ò sí lórí káàdì rẹ̀, àwọn ọmọ ló máa san án kí aago tó dún. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń ṣírò gbèsè òkú nígbà tí òkú wà ní mọ́ṣúárì. Kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Mo mọ̀ pé ìjọ nílò owó, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í yọjú àfi tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀. Síbẹ̀, ọjọ́ yẹn kọ́ ló yẹ kí a béèrè. Ó yẹ kí kíláàsì lídà ti lọ kan ilẹ̀kùn bàbá náà ní oṣù kẹta tí kò wá, kó tó di ọdún mẹ́jọ.

Ti ìgbéyàwó rọrùn díẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ mú lẹ́tà wá láti ìjọ tí ẹ ti wá, kí ẹ sì gba ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó fún oṣù mélòó kan. Ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá ti tẹ káàdì ìpè kí ẹ tó lọ rí pásítọ̀.

Ọdún márùn-ún ni mo ti lọ kẹ́yìn, ojú ń tì mí. Báwo ni mo ṣe máa padà?

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Àwọn tó ń rò bí ẹ ti ń rò pọ̀ ju bí ẹ ṣe mọ̀ lọ.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ Àìkú ìdúpẹ́, èrò á pọ̀ jù, ẹ ó sọnù sínú rẹ̀. Ẹ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kíláàsì kékeré tó máa ń ṣáájú ìsìn. Ní tiwa, ìwé orúkọ wà. Mo máa ń pe orúkọ, ẹni tó bá wà á dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan nínú kíláàsì ló máa pè é lórí fóònù kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà. Ìwé yẹn ti ya, mo ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ra, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ rẹ̀ la fi mọ̀ pé bàbá oníbàtà kan nínú wa ti wà lórí ibùsùn láti ọjọ́ mẹ́rin láìsí ẹni tó ń bu omi fún un.

Tí ẹ bá ní ìbínú sí ìjọ kan, torí owó, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí yín, torí ohun tí olórí kan ṣe, kò pọn dandan kí ẹ padà síbẹ̀. Ẹ wá ìjọ mìíràn. Ẹ bẹ ọ̀rẹ́ kan kó bá yín lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá ní kí àlejò dìde kí ẹ ò sì fẹ́ dìde, ẹ jókòó.

Aago mélòó ni ìsìn ń bẹ̀rẹ̀, báwo ló sì ṣe máa ń pẹ́ tó?

Ìsìn Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méje, ti Yorùbá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Máàsì Kátólíìkì lè parí láàárín wákàtí kan àbọ̀. Nínú ìjọ aláṣọ funfun àti CAC, ẹ fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì jẹun wá tí kò bá jẹ́ ọjọ́ àwẹ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn ọ̀sán.

Kò sí ìjọ tó ní kí ẹ ra aṣọ tuntun. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin á bo orí. Ní Kérúbù, ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó wọlé. Tí ẹ ò bá ní Bíbélì Yorùbá, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba èèyàn wọlé. Èyí tó wà lórí pẹpẹ ẹ̀yìn wà fún àlejò, ẹ lè mú un dání títí ìsìn á fi parí.